Ọwọ́ Tó Ń Buwọ́ Lùwé

"Buwọ́ lù ú!"

Ọláwándé ti tẹ orí Ràṣídátù, ìyàwó rẹ̀, mọ́ tábìlì nínú basement ilé wọn ní Cityscape, àdúgbò kan ní Calgary ní Canada. Ìwé ìbò tó ti London wá wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà. London ni wọ́n gbé kí iṣẹ́ epo rọ̀bì tó gbé wọn dé Calgary, ìwé ọmọ ìlú ọ̀hún sì ṣì fún wọn láṣẹ ìbò. Ọkọ ti bá aya fa igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Dúrósinmí, ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ń du ipò aṣòfin ní London. Ìbuwọ́lùwé ló kù.

"Daddy Tamí, ẹ dákun, mi ò ní dìbò fún wọn." Ẹ̀jẹ̀ ń kán nímú Ràṣídátù. "Ṣé ẹ ti gbàgbé Monísọ́lá ni?"

Monísọ́lá ni àbúrò Ràṣídátù. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Dúrósinmí, tó jẹ́ káńsẹ́lọ̀ nígbà náà, ṣèlérí pé òun á bá a rí ilé ìjọba. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu: ẹni tó fún un ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló gbé ilé náà fún. Yàrá tí omi ń jò ni opó náà wà tí òtútù fi pa ọmọ rẹ̀ kékeré.

"Bọ̀dá ní táwọn bá wọlé, àwọn á fún mi níṣẹ́! Since January tí wọ́n ti lay me off, ta ló pè mí?"

"Ẹ wáṣẹ́ síbòmíì."

Ọláwándé ló máa ń kọ gbogbo ìwé ilé náà, látorí PR, ìwé ìgbélùú wọn, dórí ìwé daycare ọmọ. Aya kàn ń buwọ́ lù ú ni. Kò tíì kọ̀ rí. Ọkọ gbá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó fi bírò há a níka, ó sì lọ́ ọ. Egungun dún.

"Daddy, stop! You broke it!" Tamílọ́rẹ, ọmọ wọn ọdún mẹ́sàn-án, ló ń ké lórí àtẹ̀gùn.

Ìkà náà kò tíì tán. Ọláwándé gba bírò, ó buwọ́ lùwé náà fúnra rẹ̀, ó kì í sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, kó tó wá gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́sibítù. Ó sọ fún dókítà pé snow ló yọ̀ ọ́ ṣubú. Ràṣídátù ń wo àjà.

Dúrósinmí wọlé nínú ìbò náà. Ó pè, ó dúpẹ́, ó ní ìdílé òun ni agbára òun. Kò dárúkọ iṣẹ́ kankan.

Ní oṣù Keje, lẹ́tà dé fún Ràṣídátù. Àwọn ará ọ́fíìsì ìbò ní London ní ìbuwọ́lùwé rẹ̀ kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, nítorí náà àwọn kò ka ìbò rẹ̀. Kó jọ̀ọ́ buwọ́ lùwé tuntun, kó sì sọ ohun tó yí i padà.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé ìwé fún ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ti jinná, àmọ́ kò lè di bírò mú mọ́. Tamílọ́rẹ bá a di bébà mú, ìyá rẹ̀ sì fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ: "Ọkọ mi ló ṣẹ́ ọwọ́ mi, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè di aṣòfin."

"Mummy, are we mailing it?"

"Ká ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ná," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ọ̀kan á lọ sí London. A óò gbé èkejì lọ fún police."

Tamílọ́rẹ sáré lọ wọ bàtà rẹ̀.