Aṣọ Ìgboyè Tí Ìyá Rẹ Bá Mi Rán

Bọ́lá, ọmọ mi, jókòó kí n sọ ohun tí mo rí lóru àná fún ọ kí n tó gbàgbé. Mo bá ara mi nínú gbọ̀ngàn ìdánwò wa ní yunifásítì, máṣíìnì ìránṣọ oníkọ̀ǹpútà ló sì wà lórí tábìlì mi. Mo gbọ́dọ̀ rán aṣọ ìgboyè mi tán kí wọ́n tó pe orúkọ mi. Mo ń fi ẹsẹ̀ wá irin tí a máa ń tẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì, n kò rí i.

Ìyá rẹ, tí ó ti kú tí a sì ti sin, ló wọlé, ó fa àga, ó jókòó tì mí.

"Bàbá Bọ́lá, kí lẹ ń fi ẹsẹ̀ wá? Bọ́tìnnì lẹ ó tẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́, ojú máṣíìnì náà tàn, oríṣiríṣi ìránṣọ tò síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà. Mo mú èyí tó ń ya òdòdó. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀mọ̀wé, ṣé aṣọ ìrọ̀rí lẹ ń rán ni? Ẹ mú nọ́mbà kìíní. Ẹ sọ irin tó ń di aṣọ mú kalẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gbéra."

Ó gbéra lóòótọ́, ó ń rán fúnra rẹ̀. Aṣọ náà ń gùn, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó bo pápá, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó darúgbó nínú wọn.

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo ki ọwọ́ bọ apá aṣọ náà, ó ṣe rẹ́gí. Mo ń dìde nígbà tí ìyá rẹ dì mí mú.

"Ẹ dúró, òwú ṣì so yín mọ́ máṣíìnì."

Ó tẹrí ba, ó fi eyín já a lọ́rùn ọwọ́ mi. Mo dáhùn sókè, "Èmi nìyí, sà," ohùn ara mi ló sì jí mi.