Àwọn Obìnrin Tí Kò Tọrọ Nǹkan Mọ́

Ọ̀la ni ìdìbò, ara mi ò sì balẹ̀. Bàbá Dayfallah, àbúrò bàbá mi, ni ìdílé wa fà kalẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Èmi ló sì ní kí n máa ka ohun tí àwọn ará Karak, ìlú wa, ń kọ sórí Fésíbúùkù, kí n wá sọ ibi tí ìbò ti ń jò fún òun.

Tẹ́ ẹ bá wo ojú ìwé Bàbá, ẹ ó rò pé ó ti wọlé tán. Àdúrà lọ súà. "Ọlọ́run á gbé yín ga." "Ẹ̀yin ladé orí wa." Ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún ròfọ́, àwọn èèyàn wa sì mọ̀ ọ́n rò. Ẹnì kan náà á jẹ kúnáfà, oúnjẹ dídùn tí wọ́n fi ń ṣàlejò, nínú àgọ́ olùdíje mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, á sì ya fọ́tò nínú gbogbo wọn.

Èmi kì í wo àdúrà. Ẹni tó bá ṣì ń yọ Bàbá lẹ́nu pé omi ò dé àdúgbò àwọn, pé ọmọ òun ò ríṣẹ́, tó tiẹ̀ ń bú u pé "Ṣé oorun lẹ fẹ́ lọ sùn nílé ìgbìmọ̀ ní Amman ni?", ẹni yẹn máa dìbò fún un. Ó gbà pé ó máa wọlé, ló ṣe ń tọrọ. Ẹni tó bá ṣíwọ́ títọrọ, tó wá ku àdúrà nìkan lẹ́nu ẹ̀, ó ti bá ẹlòmíì lọ.

Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ ṣíwọ́. Wọn kì í fi ojú wọn síbẹ̀, fọ́tò òdòdó ni wọ́n ń lò, orúkọ wọn a sì máa jẹ́ Ìyá Saif, Ìyá Laith. Ṣùgbọ́n ta ni mi ò mọ̀ nínú wọn? Látìgbà tí Intisar, ọ̀gá ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin, ti jáde du ipò náà, kò sí ìkankan nínú wọn tó tún tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Bàbá. Khitam, ẹ̀gbọ́n mi, wà láàárín wọn.

Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí. Mishal, ọmọ Bàbá, lọkọ Khitam, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò a máa fẹ́ra lọ́dọ̀ wa; ẹnu rẹ̀ ò sì ní ilẹ̀kùn. Ìkọ̀sílẹ̀ làwọn ọkùnrin wa fi ń búra mọ́ ìyàwó: "Tó o bá ṣe báyìí, mo ti kọ̀ ọ́." Tó bá sì ṣe é, ìgbéyàwó ti tú nìyẹn, bí ọkọ ò tiẹ̀ mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mishal ti kọ Khitam báyẹn, tó tún gbà á padà. Lófin ẹ̀sìn wa, ẹ̀ẹ̀kẹta ò ní àtúnṣe, ọ̀dọ̀ ọkọ làwọn ọmọ á sì wà.

Lọ́sàn-án, Bàbá pè mí sínú àgọ́.

"Tahani, ọmọ mi, àwọn obìnrin ńkọ́? Èyí tó bá ń ṣiyè méjì nínú wọn, dárúkọ ẹ̀, kí n bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Àwọn obìnrin kẹ̀, Bàbá? Ẹ̀yin ni gbogbo wọn wà lẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gbé Amman ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀! Ibo ni wọ́n tún fẹ́ lọ?"

Mo mí kanlẹ̀. Tíì mi ò tíì tutù tí Bàbá fi gbé e sójú ìwé ẹ̀: "Tahani wa, ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà, ti yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo obìnrin ilé wa, èmi ni wọ́n ń dìbò fún!"

Mishal ló kọ́kọ́ dáhùn. "Mo fi ìkọ̀sílẹ̀ búra, Bàbá: tí ìyàwó mi bá dìbò fún ẹlòmíì, mo ti kọ̀ ọ́." Ó fi àwòrán ẹ̀rín sí i. Kò bínú rárá, ó dá a lójú ni. Làwọn ọkọ yòókù bá tò tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń fi ìbúra figa gbága.

Khitam pè mí.

"Tahani, ta ló ní kó o dá sọ́rọ̀ wa?"

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Orúkọ yín ni Bàbá fẹ́ gbà. Mo rò pé mò ń bò yín láṣìírí ni."

"O mà bò mí o! Gbogbo ìlú ló ń ka ìbúra ọkọ mi."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà lẹ́yìn kọ́tìnnì lọ́la. Ẹ sàmì sí orúkọ Intisar, ẹ ká ìwé ìbò náà, ẹ jù ú sínú àpótí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Mò ń gbọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ tí wọ́n ń jà sí rìmóòtù.

"Èmi á mọ̀," ó ní. "Tí mo bá padà wọlé yìí lọ́la, tí mo sùn ti ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ mi mọ́, Tahani, èmi á mọ̀."