Ohùn Ìyá Nkandu

Àwọn lẹ́tà funfun tún rọ́ wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí ikán tó ń sá fún òjò, wọ́n sì tún dúró gbagidi síbi tí wọ́n ti ń dúró láti àárọ̀. Kasonde tẹ bọ́tìnì, ó pa á. Ó tún un tàn. Lẹ́tà rọ́, lẹ́tà dúró. Ìlà tó kẹ́yìn kò yí padà: èkùrọ́ ti páyà.

Bí àwọn oníkọ̀ǹpútà ṣe ń pè é nìyẹn. Èkùrọ́ ni ohun tó wà láàárín gbùngbùn ẹ̀rọ, tó ń pàṣẹ fún gbogbo ìyókù. Bó bá pàdé ohun tí apá rẹ̀ kò ká, á kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé àyà òun ti já, á sì jókòó síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan mọ́.

Iṣẹ́ iná ni Kasonde ṣe nínú ihò ìwakùsà ní Kitwe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti rí ẹ̀rọ tó gbiná, ó ti rí èyí tí omi bò mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, kò sí èyí tó dẹ́rù bà á bíi sáfà kékeré yìí, kọ̀ǹpútà ìkó-nǹkan-pamọ́ tí òun fúnra rẹ̀ tò pọ̀ sínú yàrá oúnjẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ẹja kapenta gbígbẹ. Ohùn ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, kí wọ́n tó gbé Kunda lọ sí Lusaka láti gé gògóńgò rẹ̀ kúrò nítorí kókó burúkú tó yọ níbẹ̀, obìnrin náà ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, ó sì bá fóònù sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ń bá ọmọ sọ ni, lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin bá péjọ láti kọ́ ìyàwó tuntun nílé gbígbé. Nígbà tó jáde, ó ní, “Má gbọ́ ọ o. Ti Nkandu ọmọ wa ni.” Ó wà lára ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Kasonde gbọ́ láti ọ̀fun rẹ̀.

Kasonde gbé ohùn náà pa mọ́ sínú sáfà, nítorí díísìkì méjì ló wà níbẹ̀, ohun tí ọ̀kan bá gbà ni èkejì ń gbà. Nígbà tí wọ́n jí fóònù náà nínú bọ́ọ̀sì, kò tilẹ̀ dùn ún. Àmọ́ ní ọjọ́bọ̀ tí iná lọ, tó sì padà dé nígbà tí ààrá ń sán, ẹ̀rọ kò jí mọ́. Ọ̀la sì ni àpéjọ àwọn obìnrin tó máa kọ́ Nkandu, ìyàwó tuntun.

Ó gbìyànjú èkùrọ́ àtijọ́, èyí tó ń lò kó tó gba tuntun. Òun náà páyà. Ó yọ ráàmù, àwọn pátákó ìrántí ẹ̀rọ, ó fi rọ́bà ìpàwérẹ́ nu eyín wọn, ó dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Pàbó ló já sí.

Kunda yọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì, ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fi bo ihò tí dókítà dá sí ọrùn rẹ̀ ń mì bó ṣe ń mí. Ètè rẹ̀ mì. Kasonde kò dúró wo ohun tó ń sọ. Ó ti fóònù tirẹ̀ síwájú rẹ̀, bó ti máa ń ṣe. Kunda wo fóònù náà díẹ̀, ó wá tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: *Jẹun.*

“Mò ń bọ̀,” ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì kọjú sí ẹ̀rọ. Èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Ó ti pinnu pé bí gbogbo ayé bá gbàgbé ohùn obìnrin yìí, òun kò ní jẹ́ kó kú.

Nígbà tí oòrùn kàntàrí, Jere dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà níléeṣẹ́ ìwakùsà. Ọmọ Ngoni ni, ọmọ Bẹ́ńbà ni Kasonde, ẹ̀yà méjì tó ń fi oúnjẹ ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ayébáyé, kò sì sẹ́ni tó lè gba ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì.

“Ẹ̀yin ajẹ̀ọ̀bọ, ṣé ẹ wà nílé?”

“Wọlé, ajẹ̀kúté. Ṣé eku kankan kò kọjá lọ́nà lo fi tètè dé?”

“Bí mo bá rí ọ̀kan, ilé Bẹ́ńbà ni màá gbé e wá?”

Ó jókòó, ó ki fláàṣì tó mú wá bọ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ jí. Lẹ́tà rọ́, wọn kò dúró, ó sì béèrè orúkọ ẹni tó fẹ́ wọlé. Kasonde rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. Jere kò rẹ́rìn-ín. Ó bi ẹ̀rọ léèrè àwọn díísìkì tó rí. Kò rí ọ̀kankan. Ó gbé etí lé díísìkì kìíní, díísìkì náà dákẹ́ bí òkúta. Láti inú èkejì, ìró kan ń jáde, *ta, ta, ta*, bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná ta agolo. Jere yára pa á.

“Èkùrọ́ rẹ kò ṣe nǹkan kan, Bàbá Nkandu. Orí fláàṣì kékeré tó o fi sẹ́yìn yìí ló wà, ó ń jí dáadáa. Ilé tó yẹ kó wọ̀ ni kò rí mọ́. Ìdí tó fi ń páyà nìyẹn.”

“Díísìkì méjèèjì?”

“Ààrá pa ọ̀kan. Èkejì, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti wó lé àwo tó ń gba ọ̀rọ̀ pa mọ́. Gbogbo ìgbà tó o bá tàn án, ńṣe ló ń fá a.”

Kasonde wo ìka tó fi ń tẹ bọ́tìnì láti àárọ̀.

“Wọ́n ní wọ́n ń tún un ṣe ní Johannesburg.”

“Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á sì gba owó rẹ lásán.” Jere ń ká wáyà rẹ̀. “Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti tán.”

Ó lọ láìjẹun, láìtún dá àpárá kankan.

Kunda ń ṣa ewé elégédé ní ilé ìdáná. Nígbà tí Kasonde sọ fún un, ó retí kó sunkún. Kunda kàn mi orí, ètè rẹ̀ sì mì. Ó ti rẹ Kasonde jù láti wá fóònù.

Ní ìrọ̀lẹ́, Nkandu dé láti Ndola. Ó kúnlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ kí bàbá rẹ̀. Kasonde kò jẹ́ kó dìde tó fi bẹ̀rẹ̀: “Ìyá rẹ fi ohùn sílẹ̀ fún ọ. Èmi ni mo bá ọ tọ́jú rẹ̀. Ó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Nkandu bi í pé, “Ṣé Ìyá mọ̀?”

“Ó mọ̀.”

“Ẹ jẹ́ n lọ bá wọn.”

Kasonde jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́ láti ilé ìdáná. “Ẹ̀n-ẹ́n… Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín gan-an?… Ìyá! Irọ́ ni!” Ẹ̀rín bú jáde. Lẹ́yìn èyí, ohùn náà lọ sílẹ̀, ẹkún sì gba ipò ẹ̀rín. Ó dìde, ó lọ wò wọ́n.

Kunda wà lórí ẹní, ó di àgbọ̀n ọmọ rẹ̀ mú, ó ń sọ̀rọ̀. Kò sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń yára bíi ti ẹni tó lóhùn.

“Ṣé ò ń gbọ́ ohun tó ń sọ ni?”

“Ẹnu wọn ni mò ń wò, Bàbá. Ojoojúmọ́ la máa ń ríra lórí fóònù, ó wá mọ́ mi lára.” Nkandu nu ojú. “Mo ṣebí ẹ̀yin náà ń gbọ́ wọn. Ìyá máa ń ní ẹ kì í…”

“Kí ló máa ń ní?”

Nkandu wo ìyá rẹ̀. “Kò sí nǹkan, Bàbá.”

Kunda kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó sì sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Kasonde rí eyín, ó rí ahọ́n tó gbéra, ó rí ètè tó pàdé lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kan ẹní.

“Tún un sọ.”

Ó tún un sọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní orúkọ nǹkan. Kasonde tẹjú mọ́ ẹnu tó ti mọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́. Kò yé e.

Nkandu fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Kunda gbé ọwọ́ sókè láti dá a dúró, ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì ń dúró.