Ìgò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbohùngbohùn

Ramji ń fi ọwọ́ tì mí sẹ́yìn.

"Shitemi, orí àmì ẹfun yẹn ni kí o dúró. Má sún kúrò níbẹ̀."

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá tí Ramji ti ń gba orin àwọn èèyàn sílẹ̀ ní Nàìróbì. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ni ohùn rẹ̀ máa ń yọ nínú àwo orin. Ambetsa wà níwájú pẹ̀lú gìtá. Èmi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo mú ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí ara rẹ̀ rí págunpàgun, àti irin tí mo fi ń ha á láti bá orin lọ.

Èmi ni mo kọ́ Ambetsa ní gìtá, nílé wa ní Bùtéré. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ sára àwo. Mo ní tèmi ńkọ́.

"Ta ló ń ra àwo nítorí ìgò?" ni Ramji wí.

Ambetsa rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá kí yín nínú orin."

Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe: olórin á dárúkọ àwọn èèyàn rẹ̀, á kí wọn. Ó kọrin. Ó kí ìyàwó rẹ̀. Ó kí àwọn àna rẹ̀. Ó kí Ramji. Mo ń retí tèmi. Ó padà sídìí gìtá.

Mo kúrò lórí àmì. Mo gbé ìgò sẹ́nu gbohùngbohùn, mo ń ha á kíkankíkan títí orin fi parí. Mo fẹ́ kó bàjẹ́.

Ramji bú mi. Àmọ́ kò sí àwo òfìfo mìíràn tó lè fi gba orin lọ́jọ́ náà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, mo gbọ́ ọ nílé tíì kan ní Pumwani. Obìnrin tó ń bu tíì ń jó.

"Ẹ gbọ́ ìgò yẹn! Orí Ambetsa yìí pé o."

"Èmi ni mo ha á."

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ lo ṣe ìkẹrin tó sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mu tíì rẹ, jàre."

Gbogbo onígìtá bẹ̀rẹ̀ sí í wá onígò kiri. Wọ́n ní Ambetsa ló dá a sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ká wá sí Kàmpálà. Ìgò yín ni wọ́n ń béèrè."

"Ṣé orúkọ mi ni wọ́n dá?"

Ó ní rárá. Mo ní kó máa lọ. Ó mú ẹlòmíràn.

Ambetsa ti kú. Àwo orin mẹ́tàlélógójì ló fi sílẹ̀. Ìgò wà nínú gbogbo wọn. Èmi wà nínú ọ̀kan.