Ẹran Etí Àwo

Ẹja náà tún kọjá níwájú Onídìrí. Ó ti na ọwọ́ sí i, ó ti fi ojú yan ibi tó sanra jù lẹ́yìn rẹ̀, àfi bí gíláàsì tí wọ́n gbé oúnjẹ lé ṣe yí bìrí, tí ẹja gba ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ. Ohun tó dúró síwájú rẹ̀ kò ju àwo ewébẹ̀ kan lọ. Ó fa ọwọ́ padà, ó fi tún irun rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé tìtorí irun ló ṣe na ọwọ́ tẹ́lẹ̀.

Tábìlì roboto ni, ti ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà. Láàárín rẹ̀ ni gíláàsì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà tó ń yí, kí ẹnikẹ́ni má baà dìde nítorí oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan á fi ìka tì í, nǹkan ọ̀hún á sì máa bọ̀ wá bá a. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí oúnjẹ ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan ló ń kúrò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn ará Ṣáínà tó gbọ́n ọgbọ́n yìí kò mọ̀ pé ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó máa jókòó sí i lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti bù tó?" ni ọmọ Onídìrí bi ìyá ìyàwó rẹ̀.

Mọ́mì! Onídìrí gbé ife tíì rẹ̀, ife tí kò ju ti ọmọláńgidi lọ, ó gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jó o lẹ́nu.

Òun nìkan ló tọ́ ọmọ yìí, pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀ tó máa ń wú lálẹ́ nítorí ìdúró. Bàbá Kékeré ló ń pè é láti ìgbà tó ti ń rá, torí ó máa ń fajú ro bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ọmọ náà ń pe òun ní Màámi, Màámi ọ̀hún sì ti tó o láti ọjọ́ yìí wá. Ìgbà tó gbéyàwó, tó bá ìyàwó rẹ̀ pe ìyá ìyàwó náà ní Mọ́mì, ni Onídìrí bẹ̀rẹ̀ sí fi méjèèjì wéra lórí ibùsùn, tó ń wò ó bóyá èyí tí wọ́n fi fún ẹlòmíràn ló dùn jù.

Ọ̀gá ni gbogbo ènìyàn ń pe ìyá ìyàwó. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn tó fi tì ọ̀hún kò sì kan àga títí di òní. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń jẹun, ó ń fi ṣa ẹja kúrò lára egungun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Onídìrí náà gbìyànjú. Ìka tó ń pín irun orí ọmọ ìkókó láìmú un sunkún, igi méjì ló wá bá a fà á. Ọ̀kan bọ́ sábẹ́ tábìlì. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ sáré mú fọ́ọ̀kì wá fún un láìjẹ́ pé ó béèrè, ìyẹn sì dùn ún ju ti igi lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe igi ló dùn ún jù, kì í sì í ṣe ẹja. Ẹnu ọ̀nà ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọlé, ọmọbìnrin yìí kan náà tẹrí ba fún Ọ̀gá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta kan! Ṣé ibi tẹ́ ẹ jókòó sí níjọ́sí náà ni?"

Níjọ́sí. Onídìrí yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tẹjú mọ́ àwọn ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àpótí gíláàsì lẹ́bàá ògiri, àfi bí ẹni tó fẹ́ rà wọ́n.

Gbogbo oníbàárà tó gbé orí kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lánàá ló ti gbọ́ ọ. Bó ṣe ń di irun ló ń rò ó fún wọn: ọmọ òun fẹ́ gbé òun lọ jẹun nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, ibi tí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn, tí aṣọ tí wọ́n fi ń nu ọwọ́ níbẹ̀ gbóná tó sì ń ta sánsán. Ó ti jókòó fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tún irun tirẹ̀ náà dì. Àṣé àjẹkù ni wọ́n gbé òun wá jẹ.

Owú ni. Kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é. Ìyá tó bí i lọ́mọ máa ń wí pé òjòwú ò lẹ́ran láyà, bó jẹ jẹ kò lè yó, nígbà náà ó máa ń rò pé àwọn obìnrin kan tó rù ló ń bá wí. Ní báyìí ó ti jẹ ìyẹ̀fun rírọ̀ tí wọ́n ki ẹran sí nínú, tí wọ́n wá ṣẹ́ létí wínníwínní bí irun dídì. Ó ti mu ọbẹ̀ olómi, ó ti jẹ edé. Inú rẹ̀ ṣófo gbáú.

Ó mọ ìdí tí wọ́n fi pè wọ́n. Ikùn ìyàwó ti ga, oṣù tó ń bọ̀ ni ìkókó máa dé, yàrá kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́ kù nílé àwọn ọmọ náà. Ìyá kan ni yóò wọ yàrá yẹn. Òun ni yóò máa wẹ ọmọ, tí yóò máa gbé e pọ̀n, òun ni ojú ìkókó yóò tètè mọ̀. Onídìrí fẹ́ yàrá náà débi pé ó ti fa ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú ọkàn rẹ̀, ó sì ti ra ọṣẹ tí kì í ta ọmọ lára pamọ́. Bí wọ́n bá gbé yàrá fún Ọ̀gá, ó dá a lójú pé ọmọ ọmọ rẹ̀ náà yóò máa wo òun bí àlejò.

Ó fi ìka kan gíláàsì, ó tì í. Ẹja ń bọ̀. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó fi dúró gbagidi. Ó tún tì í, kò lọ. Ó wòkè, ó rí ìka Ọ̀gá lórí gíláàsì lódìkejì, tí òun náà ń ti tirẹ̀, tó ń wo ibòmíràn. Àwọn méjèèjì tì í títí ọbẹ̀ fi ń mì nínú abọ́.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ kí n bá yín bù?" ni ìyàwó bi Onídìrí.

"Kò sí nǹkan kan, ìyàwó mi. Mo kàn ń wò ó bó ṣe ń yí ni."

Wọ́n gbé pẹ́pẹ́yẹ dé, tí wọ́n gé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí awọ rẹ̀ pọ́n tó ń dán. Bàbá Kékeré nu ẹnu. Ó wúkọ́.

"Màámi," ló wí, Onídìrí sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, orí rẹ̀ ló máa ń fọ́ lé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀ gbọ́ mi. A ti jọ sọ ọ́, èmi àti ìyàwó mi. Mọ́mì ló máa kọ́kọ́ wá. Àwọn ti fẹ̀yìn tì, wọn ò ní ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kankan. Oṣù méjì péré ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin náà á wá."

"Ó dáa."

"Ẹ ò bínú?"

"Kí ni n ó bínú sí? Ṣé èmi ni mo lóyún ni?"

Bàbá Kékeré bú sẹ́rìn-ín, ara tù ú. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ohùn rẹ̀ sì kéré ju bí ọ̀gá ilé-ìwé ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ẹ má sọ ilé wa di ilé-ìwé o," ni ìyàwó wí, kò sì gbójú sókè.

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá létí Onídìrí, kò wọ̀ ọ́. Ohun tó wà nínú etí rẹ̀ nígbà náà ni oṣù méjì. Ó ń rí Ọ̀gá pẹ̀lú ìkókó léjìká, ìkókó tó ń rẹ́rìn-ín sí i, Bàbá Kékeré tó ń pè é ní Mọ́mì láti yàrá dé yàrá. Ó ń gé ẹran, ó ń fi sẹ́nu, kò mọ adùn rẹ̀. Ó tilẹ̀ ń gbàdúrà pé kí igi bọ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò bọ́.

Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí kó àwo. Bàbá Kékeré àti ìyàwó rẹ̀ ń jiyàn lórí ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ fi kun yàrá ìkókó: ọkọ fẹ́ àwọ̀ ewé, ìyàwó ní láéláé. Ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná ni Bàbá Kékeré ti na ọwọ́, ọwọ́ lásán, òun tó ti ń fi igi jẹun láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó. Ó mú ẹran kan létí àwo Onídìrí, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kò wo àwo. Kò wo ìyá rẹ̀.

Onídìrí náà kò mọ̀ pé òun ti fi ẹran sílẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ni, tí awọ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ti rọra tì í sí etí àwo lápá ọ̀dọ̀ ọmọ, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọmọ máa ń ti ilé-ìwé dé, tí yóò gba ẹ̀yìn àga rẹ̀ kọjá, tí yóò mú tirẹ̀ láìtíì bọ́ bàtà. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò rò ó débẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ó gbójú sókè, ó bá ojú Ọ̀gá pàdé. Ọ̀gá rí i. Ó wo ọwọ́ ọmọ, ó wo àwo, ó wo Onídìrí, ojú tó sì fi wò ó kì í ṣe ojú ìbáwí. Onídìrí mọ irú ojú bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ń gbé e kiri láti ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà yẹn ló wá rí àwo Ọ̀gá. Ẹran kan wà létí rẹ̀, lápá ọ̀dọ̀ ìyàwó. Ó ti wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ ti dì. Ìgbọ̀nwọ́ ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó sì ń rojọ́ ọ̀dà lọ.

"Ṣé kí n máa gbé e, mà?" ni ọmọbìnrin tó ń kó àwo bi Ọ̀gá.

Ọ̀gá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ọmọ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Máa gbé e."

Àwo lọ, ẹran bá a lọ. Ó yẹ kí inú Onídìrí dùn. Ó ń retí ìdùnnú náà títí wọ́n fi dìde, kò dé.

Lóde, àwọn ọmọ lọ gbé mọ́tò. Ìyá méjèèjì dúró síbi tí òrùlé ti ṣíji bo ẹnu ọ̀nà, wọ́n jìnnà síra wọn díẹ̀, oòrùn sì mú.

"Ó máa ń mú ẹran lórí àwo yín báyẹn?" ni Ọ̀gá bi í.

Onídìrí rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé ló dé. Ó gbára dì. "Láti kékeré ni. Kò sì tíì jáwọ́."

"Tèmi náà máa ń mú un." Ọ̀gá ń wo ibi tí àwọn mọ́tò wà. "Mo ní ọ̀kánjúà ni. Àlejò wà nílé lọ́jọ́ náà, ojú tì mí, mo nà án níṣojú wọn. Láti ọjọ́ yẹn, mà, mo ṣì ń fi í sílẹ̀ o. Kò mú un mọ́."

Lọ́ọ̀ọ́kán, ìyàwó ń fi ọwọ́ kan ti ikùn, ó ń wọ ẹ̀yìn mọ́tò kó lè na ẹsẹ̀. Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ kan bí ẹni tó fẹ́ lọ dì í mú. Ó tún dá a padà.

"Oṣù méjì yẹn," ni Onídìrí wí, "ṣé ó máa tó yín báyìí?"

Ọ̀gá bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó nù ún títí mọ́tò fi dé iwájú wọn. Onídìrí ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un, ó dúró kó wọlé ti ọmọ rẹ̀, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.