Ìbòjú tí Kò Ṣí

Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n, obìnrin ni àwọn méjèèjì, ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì jọ ń lọ. Bàbá wọn ló fún wọn ní orúkọ ìnagijẹ láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ pé bó bá ń fọ abọ́ kan ṣoṣo, ilẹ̀ lè ṣú bá a nídìí ẹ̀, ni bàbá ń pè ní Jẹ́jẹ́. Àbúrò, tó máa ń sáré débi pé bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í bá a délé, ni ó ń pè ní Wéré. Orúkọ Wéré yìí gba ìṣọ́ra o, nítorí bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, wèrè ni yóò jáde lẹ́nu ẹni. Nígbà tí inú bá ń bí Jẹ́jẹ́ sí àbúrò ẹ̀, ohùn kejì yẹn ló máa ń fi pè é nínú ọkàn.

Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà. Òun ló jókòó ti Wéré fún ọdún kan gbáko, tó kọ́ ọ láti orí bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ títí dé orí bí a ṣe ń wá àṣìṣe tó sá pamọ́ sáàárín ẹgbẹ̀rún ìlà. Òun náà ló bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Àwọn márùn-ún péré ló wà níbẹ̀, nínú yàrá gígùn kan lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Bí onítọ̀hún bá ń kan ìṣó nísàlẹ̀, omi inú ife orí tábìlì wọn á máa gbọ̀n.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ni oníbàárà wọn tó ṣe pàtàkì jù. Ètò wọn ni yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ fi ń gba orúkọ aláìsàn àti irú àyẹ̀wò tí dókítà fẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá ti kọ ọ́ tán, á tẹ bọ́tìnì "Fi ránṣẹ́". Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ̀rọ a máa lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kó tó parí iṣẹ́ inú, ojú ẹ̀ á sì dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Òṣìṣẹ́ á tún tẹ̀ ẹ́. Á tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn á máa gbá a bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn adití. Kí ẹ̀rọ tó dáhùn, ìwé àyẹ̀wò mẹ́rin ti jáde fún ẹnì kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gún bàbá àgbàlagbà kan lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan náà, torí ìwé mẹ́ta ló wà lórúkọ ẹ̀. Bàbá ní ṣé ẹ̀jẹ̀ òun ni wọ́n fẹ́ fi kun ilé ni.

Ọ̀gá gbé iṣẹ́ náà fún Jẹ́jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lórí ẹ̀. Èrò tirẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ ṣáà yára sí i. Bí ìdáhùn bá tètè dé, ta ni yóò tún tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì? Ó fà á wálẹ̀ láti mẹ́sàn-án sí méje, láti méje sí mẹ́fà. Ó dúró sí mẹ́fà, kò lọ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Wéré yí àga ẹ̀ sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n bá yín gbìyànjú nǹkan kan?"

"Gbìyànjú ohun tó bá wù ọ́." Jẹ́jẹ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Kí wọ́n tó ṣíwọ́, Wéré ti ṣe é. Kò fi kún ìyára ẹ̀rọ rárá. Ohun tó ṣe ni pé bí ènìyàn bá ti tẹ "Fi ránṣẹ́" báyìí, ìbòjú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó láwọ̀ eérú á bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, àmì róbótó kan á máa yí láàárín ẹ̀, àkọlé á sì hàn pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́." Níwọ̀n ìgbà tí ìbòjú bá ṣì wà níbẹ̀, o lè fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́, kò sí bọ́tìnì tó máa dá ọ lóhùn. Bí iṣẹ́ inú bá parí, ìbòjú á kúrò fúnra ẹ̀.

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ títí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!" ó ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ti ń forí fọ́ àpáta, ọmọ yìí kàn gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sì sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń forí fọ́ àpáta. Jẹ́jẹ́ náà pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó.

Ó délé, ìyá wọn pè é lórí fóònù. "Mo ti gbọ́ ohun tí àbúrò ẹ ṣe o! Orí ọmọ yẹn pé."

"Ó pé, mà."

"Ìwọ náà ń gbìyànjú."

Gbìyànjú! Ọ̀rọ̀ yẹn bá a wọ orí ibùsùn, ó bá a jí. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà, owú ti jẹ ẹ́ tán. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan àyà Jẹ́jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, egungun nìkan ni ì bá bá níbẹ̀.

Òfin wọn ni pé iṣẹ́ ẹnì kan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíràn dán an wò. Ọ̀gá gbé ti Wéré fún Jẹ́jẹ́, ó sì dán an wò bó ṣe máa ń dán gbogbo nǹkan wò, láì kánjú. Ó tẹ "Fi ránṣẹ́", ó sì fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ lójijì. Ìbòjú bò. Àmì róbótó ń yí. Ó dúró ìṣẹ́jú kan, ó dúró márùn-ún. Ó lọ mu omi, ó padà dé, àmì ṣì ń yí. Ìdáhùn tí ìbòjú ń retí kò lè dé mọ́, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ètò pé kó dẹ́kun ìretí. Nǹkan kan ṣoṣo tí Wéré gbàgbé nìyẹn. Ìlà méjì péré ni yóò tún un ṣe.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Jẹ́jẹ́, ẹ̀rín tòótọ́ àkọ́kọ́ látàná.

Wéré ń jẹ búrẹ́dì lẹ́bàá fèrèsé. "Ṣé ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi?"

Jẹ́jẹ́ ro bí ojú ọ̀gá yóò ṣe rí lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ó ro bí ohùn ìyá wọn yóò ṣe rọlẹ̀. Kò ro ti aláìsàn kankan. Ká sòótọ́, ọkàn ẹ̀ kò lọ síbẹ̀ rárá.

"Ó dáa," ó ní, ó sì fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ náà jáde lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ kọjá, ìyìn kàn ń rọ̀ sórí Wéré bí òjò ni. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kejì, fóònù dún. Olórí yàrá àyẹ̀wò ni, obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Lábù. Ọ̀gá jẹ́ kí ohùn ẹ̀ jáde síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Gbogbo kọ̀ǹpútà wa ló ti bò! Ó ní ká ní sùúrù, ó ti ń sọ ọ́ láti ogún ìṣẹ́jú! Obìnrin kan wà ní yàrá ìbímọ, ọmọ ti jáde, ẹ̀jẹ̀ kò dá. A ti yẹ irú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò láàárọ̀, inú kọ̀ǹpútà yìí ló wà, mi ò lè ṣí i!"

Wéré bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fáìlì kan, ó ń pa òmíràn dé. "Mi ò mọ ohun tó ṣe é. Mi ò mọ̀ ọ́n!"

Ohun tí Jẹ́jẹ́ ti ń retí ló dé yìí. Ojú ọ̀gá le bó ṣe rò ó, omijé àbúrò ẹ̀ sì ń dà bó ṣe rò ó. Kò dùn mọ́ ọn. Ara ẹ̀ tutù bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọ̀gá.

"Mà, ẹ gbọ́ mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ló lọ. Ẹ mú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹ tẹ bọ́tìnì iná ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí á fi kú. Ẹ tún un tàn. Ẹ má tẹ 'Fi ránṣẹ́' o. Ẹ lọ tààrà síbi tí wọ́n kọ 'Àbájáde' sí. Èyí tó ti wà nínú ẹ̀ kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Wọ́n ń gbọ́ bí Ìyá Lábù ṣe ń mí. "Ó ń tàn... Ó ti ṣí! Mo ti rí i!" Ó ju fóònù sílẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń sáré lọ.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó tún pè. Ìyá yè, ọmọ náà ń ké. "Àmọ́ díẹ̀ ló kù o," ó ní. "Díẹ̀ báyìí ló kù."

Wéré nu ojú. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni? Wọn ò sọ fún wa."

Jẹ́jẹ́ lè purọ́. Irọ́ tiẹ̀ ti wà lẹ́nu ẹ̀. "Mo ti rí i nígbà tí mo dán an wò," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n mọ̀, mo ní ó dáa."

Wéré dìde lórí àga ẹ̀.

"Kí ni mo ṣe fún yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n yìn ọ́ ni."

Ọ̀gá kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. "Bí mi ò bá lè gbọ́kàn lé 'ó dáa' tìẹ," ó ní, "kí ni kí n gbọ́kàn lé?" Ó yọ ọ́ kúrò nídìí àyẹ̀wò iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, òun fúnra ẹ̀ sì kọ òtítọ́ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Wéré tún ètò náà kọ: bí ìdáhùn kò bá dé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ìbòjú á ṣí, á sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó aṣọ ẹ̀ kúrò nínú yàrá tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé, ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Oṣù kan ló lò níbẹ̀. Níbi iṣẹ́, "Ẹ káàárọ̀, mà" ló ń kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, bí ẹni ń kí àlejò.

Jẹ́jẹ́ fúnra ẹ̀ ló pe ìyá wọn, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó béèrè.

"Ṣé torí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni?"

"Rárá, mà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é."

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Wéré fúnra ẹ̀ ló gbé iṣẹ́ tuntun kan wá sórí tábìlì Jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ náà dára gan-an, ó dára ju ohunkóhun tí Jẹ́jẹ́ tíì kọ rí lọ, ohun àtijọ́ yẹn sì tún bù ú jẹ láyà.

"Ó ń dùn mí o," ó ní. "Mi ò fẹ́ purọ́ fún ọ. Ó ṣì ń dùn mí."

"Mo mọ̀." Wéré fa àga, ó jókòó tì í. "Ẹ dán an wò dáadáa."