Nítorí Àlejò Kan

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó pa àwọn ará Rhyd-yr-Eirin, abúlé kan nílẹ̀ Wẹ́lṣì, ìwà ọmọlúàbí ni. Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà. Kí gbogbo wọn jókòó sílé ọtí, kí wọ́n máa fi èdè Wẹ́lṣì tí ìyá wọn fi tọ́ wọn jiyàn lórí àgbò ta ló sanra jù, kí àlejò kan ṣáà ti ṣílẹ̀kùn kó kí wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó parí. Gbogbo ẹnu á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àlejò ò tíì bọ́ kóòtù tí wọ́n á ti máa fi Gẹ̀ẹ́sì parí àríyànjiyàn tí wọ́n fi Wẹ́lṣì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kò dáa kéèyàn máa sọ èdè tí ẹnì kan nínú ilé ò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wọn ṣe, bẹ́ẹ̀ làwọn náà ń ṣe.

Buddug Prydderch mọ àìsàn yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Òun ló ń se oúnjẹ ọ̀sán fáwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ abúlé náà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà yẹn, ó ń kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ́ wọn lórin Wẹ́lṣì. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Buddug á ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tòun ti kéèkì, á ní kó mú ọmọ rẹ̀ wá. Àwọn kan ń sá fún un. Iorwerth tó ni oko Maes-y-Gwynt tiẹ̀ sọ pé bí ajá bá gbó lójú Buddug, á bi í pé èdè wo ló fi ń gbó. Obìnrin náà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Àfìgbà tí ìròyìn dé pé ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Wọ́n ní àwọn ọmọ ibẹ̀ ti kéré jù. Bọ́ọ̀sì á máa kó wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tó wà nílùú. Wọ́n ń fi Wẹ́lṣì kọ́ni níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí aago bá ti lù fún eré, Gẹ̀ẹ́sì ló ni pápá. Buddug ti rí ohun tó ṣe àwọn ará àfonífojì kejì. Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn pa, kò sì pẹ́ táwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì dá ìyá wọn àgbà lóhùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ìjọba ní àwọn máa rán ọkùnrin kan wá wò ó bóyá èdè náà wà láàyè lábúlé ọ̀hún lóòótọ́, lẹ́yìn ẹnu àwọn tíṣà. Bó bá wà láàyè, wọn ò ní fọwọ́ kan ilé-ẹ̀kọ́. Bí kò bá sí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn.

Buddug pe gbogbo wọn sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ gbọ́ o," ló wí. "Ọkùnrin tó ń bọ̀ yẹn ò gbọ́ Wẹ́lṣì. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má torí ẹ̀ yí ahọ́n padà. Mo ti bẹ Nerys kó wá láti ìlú, òun lá máa túmọ̀. A máa fi ẹ̀rọ sí àlejò létí, gbogbo ohun tá a bá ń sọ ni á máa gbọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì."

Iorwerth họrí. "Ṣé kí n máa wo èèyàn lójú kòrókòró, kí n máa sọ ohun tí ò yé e? Ìyẹn ò wá yàtọ̀ sí kéèyàn máa bú u."

"Á gbọ́ ọ, Iorwerth! Etí ló fi ń gbọ́ràn, kì í ṣe ojú!"

"Ó dáa, ó dáa, má pa mí. Ọba fúnra ẹ̀ ì báà wọlé, Wẹ́lṣì ni màá fi bi í bóyá á mu tíì."

Eirlys tó ni ṣọ́ọ̀bù abúlé bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀! Ìwọ tó o fi Gẹ̀ẹ́sì bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ọmọ Wẹ́lṣì pọ́ńbélé sì ni dókítà ọ̀hún!"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ó wọ táì!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n búra fún Buddug pé ẹnu àwọn ò ní yẹ̀. Ó gbà wọ́n gbọ́. Kí ni ì bá tún ṣe?

Lọ́jọ́ tí àlejò máa dé, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Stanforth lorúkọ ọkùnrin náà. Ó wọlé bá wọn ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, omi ń kán lára ẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì pé òun ń da omi sí wọn nílẹ̀. Ó yin kéèkì wọn. Ó bi Iorwerth léèrè bí àwọn àgùntàn ṣe ń ṣe nínú òjò báyìí. Ọkùnrin náà ò ṣèèyàn burúkú rárá, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjàngbọ̀n wà. Ká ní ó jẹ́ agbéraga ni, ká ní ó fojú tín-ín-rín wọn, Wẹ́lṣì ni wọn ì bá sọ sí i lára títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Nerys jókòó sígun yàrá, ó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni Stanforth ki tirẹ̀ bọ etí. Buddug fi Wẹ́lṣì kí i káàbọ̀, ó ní kí Iorwerth kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nítorí pé baba ńlá Iorwerth wà lára àwọn tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Iorwerth dìde, ó tún ohùn ṣe, ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn, àní ó dùn! Ó ń sọ bí bàbá òun ṣe máa ń gbé òun sẹ́yìn sọdá odò lọ sílé-ẹ̀kọ́ nígbà òjò. Inú Buddug bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Àfi bí Ọ̀gbẹ́ni Stanforth ṣe fọwọ́ tẹ ẹ̀rọ mọ́ etí, tó fajú ro díẹ̀. Iorwerth rí i. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo Buddug, ó tún wo ọkùnrin náà. Àánú ṣe é.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, "ṣé kì í ṣe pé nǹkan yẹn ń dùn yín létí? Ẹ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́. Màá sọ ọ́ bó ṣe máa yé yín."

"Iorwerth!" Buddug ké.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bí Iorwerth ṣe jókòó ni Eirlys dìde, Gẹ̀ẹ́sì ni. Pásítọ̀ dìde, Gẹ̀ẹ́sì ni. Obìnrin àgbàlagbà kan tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń há lọ́rùn dìde, ó fi ipá wá a títí ó fi rí i, kó má bàa dà bíi pé òun nìkan ni ò lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo wọn ló sọ pé àwọn fẹ́ràn Wẹ́lṣì, pé láìsí i, àwọn ò ní láyé. Gẹ̀ẹ́sì tó já geere ni wọ́n fi sọ ọ́. Nerys gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ nítorí pé kò sóhun tó fẹ́ túmọ̀ mọ́, ó lọ bu tíì. Buddug ń ṣẹ́jú sí wọn, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá àga wọn lábẹ́ tábìlì. Wọ́n ń fọgbọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tó sú u, ó dìde fúnra ẹ̀, ó fi Wẹ́lṣì bẹ̀rẹ̀. Nerys sáré padà, àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Stanforth ti ká ẹ̀rọ tiẹ̀ sórí tábìlì, kò sì tètè rí bí wọ́n ṣe ń kì í bọ etí padà. Gbogbo ojú wolẹ̀. Àfi bíi pé Buddug bọ́ra sí ìhòòhò láàárín wọn. Eirlys fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó rọra fi Wẹ́lṣì sọ fún un pé, "Buddug, ojú ń tì wá. Àlejò mà ni."

Ó jókòó.

Kò tíì sọ̀rètí nù o. Ó ní ẹnu àgbà lè yẹ̀, ti ọmọdé ò ní yẹ̀. Ó mú ọkùnrin náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lásìkò eré. Òjò ti dá. Láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ. Wẹ́lṣì ni wọ́n fi ń ké, tí wọ́n fi ń pe ara wọn lólè. Buddug yára ẹsẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe dé géètì, tí àwọn ọmọ rí àjèjì nínú kóòtù dúdú, ṣe ni wọ́n tò, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kí i ní ohùn kan, bí àwọn òbí wọn ṣe kọ́ wọn.

Ọmọ kan ló já kúrò láàárín wọn. Tilly ni. Láti Stoke nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì làwọn òbí rẹ̀ ti wá ra ilé tó wà létí odò. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Wẹ́lṣì kan nígbà tó dé. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ Buddug, ní báyìí Wẹ́lṣì ló fi ń bá bèbí rẹ̀ jà. Ó sáré wá dì mọ́ yẹ̀rì Buddug.

"Anti Buddug! Anti Buddug! Ehín mi ti yọ kúrò! Ẹ wò ó!" Wẹ́lṣì ni. Wẹ́lṣì tó mọ́ gaara, bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Buddug bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibi tí ehín ti yọ. "Háà, ó mà ga o! O ti dàgbà nìyẹn," ó wí, ó fọwọ́ pa á lórí. Tilly wò ó díẹ̀, ó sì sáré padà síbi eré.

Ọ̀gbẹ́ni Stanforth dúró. "Kí lọmọ yẹn sọ?"

"Ó ní ehín òun yọ ni."

"Wẹ́lṣì ló fi sọ ọ́, àbí?"

"Wẹ́lṣì ni! Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni, láti Stoke. Ṣé ẹ rí i?"

"Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì lẹ̀yin fi dá a lóhùn, ma."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. Buddug la ẹnu. Ó wá inú ara ẹ̀, ó rántí ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọmọ náà, lóòótọ́ ni, Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun yí ahọ́n padà.

"Nítorí yín ni," ó wí. "Kẹ́ ẹ lè gbọ́."

"Mo mọ̀," lọkùnrin náà wí. "Ẹ ṣeun gan-an ni." Ó dúpẹ́ tọkàntọkàn.

Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀gbẹ́ni Stanforth sọ fún ìjọba pé èèyàn jẹ́jẹ́ làwọn ará Rhyd-yr-Eirin, pé wọ́n fẹ́ràn èdè wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tóun lò lọ́dọ̀ wọn, Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tóun gbọ́. Irọ́ wo ló pa? Buddug lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ó gbé pátákó ẹ̀hónú dání, ó fi Wẹ́lṣì sọ̀rọ̀ títí ohùn ẹ̀ fi há. Wọ́n ki ẹ̀rọ bọ etí níbẹ̀, wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní àwọn kẹ́dùn. Iorwerth ò lè wò ó lójú mọ́.

"Kí ló dé tí wọn ò rán ẹni tó gbọ́ Wẹ́lṣì wá?" ó fi ìbínú béèrè lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ló dé tó o fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀?" Buddug bi í.

"Ó ń fọwọ́ tẹ etí, Buddug. Ṣé o ò rí i ni? Kí ni ǹ bá ṣe?"

Buddug náà ò mọ ohun tóun ì bá ṣe.

Nígbà táwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú, kò sóhun tó kù tó lè ṣe ju kó máa lọ sí ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé wọn láràárọ̀, kó fi Wẹ́lṣì kí wọn kí wọ́n tó wọkọ̀. Ó rò pé bí wọ́n bá tilẹ̀ gbọ́ ìwọ̀nba yẹn lójúmọ́, kò ní kú tán lẹ́nu wọn. Wọ́n ń dá a lóhùn, àwọn kan tiẹ̀ ń dì mọ́ ọn. Títí di àárọ̀ òtútù kan tí ìyá Tilly fúnra ẹ̀ mú un wá.

"Tilly, ọ̀wọ́n mi," Buddug fi Wẹ́lṣì kí i. "Ṣé o jí dáadáa? Ilé-ẹ̀kọ́ ńkọ́?"

Ọmọ náà wo ojú ìyá ẹ̀. Ó wo Buddug. Lẹ́yìn náà ó rọra fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, bí ẹni ń tọ́ àgbà sọ́nà láìfẹ́ dójú tì í: "Dáadáa ni, Anti Buddug. Àmọ́ Mọ́mì mi wà níbí o. Wọn ò gbọ́ Wẹ́lṣì."

Ojú ti ìyá rẹ̀. "Tilly! Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́! Ẹ má bínú, ma, mo fẹ́ràn kó máa sọ ọ́ o, ó máa ń dùn mọ́ mi tí mo bá ń gbọ́ ọ. Ó kàn ti ń ṣe báyìí ni. Mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ìwà yìí."

Buddug mọ ibẹ̀. Ó fẹ́ fi Wẹ́lṣì sọ fún ọmọ náà pé kò sóhun tó burú, pé kó sọ ọ́, kó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Àmọ́ ìyá rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ń retí ohun tó máa sọ.

"Ẹ má yọra yín lẹ́nu," Buddug fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

Bọ́ọ̀sì dé, Tilly sì wọnú ẹ̀.